Ta Ni Ọ̀tá Rẹ Gan-an?

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ń tì mí lójú. Mo ti fi ọwọ́ bo àwọn ibì kan nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí mo ń sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbà mí láàyè pé kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó wà nínú ìtàn náà, èmi ni mo ni ín.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni a fi mọ Ṣómólú jákèjádò Èkó: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí arákùnrin yìí ti ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan nídìí rẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò lé e lọ, ṣùgbọ́n ó di ẹni tí ń ru bébà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ ń rán lọ ra omi tútù.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dun òun. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, bí òun bá ti wọlé, gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù a dákẹ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn alájọgbé rẹ̀ ní Bàrígà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí gbogbo wọn jọ ń lo báluwẹ̀ kan. Ó ní wọ́n ń pe orúkọ òun lóru. Kò lọ sí ìpàdé ẹbí mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Níkẹyìn, kò jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi, ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ gbà mí, Pásítọ̀. Ọkọ mi ní èmi pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun la jọ ń gbìmọ̀. Búrẹ́dì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà nìkan ló ń jẹ. Ní alẹ́, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń mọ́."

Kí ni mo ṣe? Mo ránṣẹ́ pe ọkọ, mo sì bi í pé, "Ta ni o fura sí?" Ó dárúkọ ènìyàn mẹ́ta. Mo kọ wọ́n sílẹ̀. A fi orúkọ wọn gbàdúrà kíkankíkan. Mo ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí ó sì wá bá wa ṣọ́ òru mẹ́ta léraléra.

Lẹ́yìn òru kẹta, ó sọnù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a tó rí i létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ wá sí ìṣọ́ òru. Ó wo ojú mi, ó ní, "Pásítọ̀, àwọn mẹ́ta yẹn ti di ogún."

Màmá kan wà nínú ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá náà dúró dè mí títí gbogbo ènìyàn fi lọ. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yìí kò sùn dáadáa láti bí oṣù méjì, ẹ ní kó wá ṣọ́ òru. Kò jẹun, ẹ ní kó gbààwẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ènìyàn, ẹ bá a kọ orúkọ àwọn tí yóò máa bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Yábàá."

Ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì tún ń ka Bíbélì mi pẹ̀lú ojú mìíràn. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín fún yín.

BÍ ẸLẸ́ǸGÀ LÓJÚ ARA WỌN

Ẹ rántí àwọn amí méjìlá tí Mósè rán lọ sí ilẹ̀ Kénáánì. Nígbà tí mẹ́wàá nínú wọn padà dé, ẹ wo bí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ wọn nínú Númérì 13:33. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn dà bí ẹlẹ́ǹgà lójú ara àwọn. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn rí lójú àwọn òmìrán náà.

Mo bi yín, ta ni ó bi àwọn òmìrán léèrè? Amí kì í bá ẹni tó ń ṣọ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ Ánákì kan tó pè wọ́n ní ẹlẹ́ǹgà. Inú ọkàn àwọn fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, wọ́n sì gbé e sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Ojú tí wọ́n fi wo ara wọn ni wọ́n rò pé gbogbo ayé fi ń wo àwọn. Kí ni ó sì tẹ̀lé e? Ẹ ka ẹsẹ tó bẹ̀rẹ̀ orí kẹrìnlá. Gbogbo ìjọ sunkún ní òru ọjọ́ náà. Fífojú kéré ara ẹni ló ṣáájú, ìbẹ̀rù ọ̀tá tẹ̀ lé e, ìrẹ̀wẹ̀sì sì dé.

Ẹ tún wo Sọ́ọ̀lù ọba. A mọ̀ ọ́n sí òǹrorò, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé ẹ̀yà òun ló kéré jù, ìdílé òun ló sì rẹlẹ̀ jù (1 Sám. 9:21). Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, àárín ẹrù ni ó sápamọ́ sí (1 Sám. 10:22). Adé bọ́ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì wà láàárín ẹrù. Nígbà tí àwọn obìnrin kọrin pé Dáfídì ṣe ju Sọ́ọ̀lù lọ, láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣọ́ Dáfídì (1 Sám. 18:9). Nígbà tí a ó fi dé orí 22, ó ti ń sọ fún gbogbo àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé gbogbo wọn ló gbìmọ̀ pọ̀ sí òun, pé kò sí ẹni tí àánú òun ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Dáfídì tó ń lé kiri, ẹni tó ta dùùrù fún un nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú ni. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sọ di ọ̀tá.

N kò sọ pé kò sí ẹ̀mí búburú o. Bíbélì kan náà ló sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ti sọ ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ohun gbogbo ló sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà wa ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà gbogbo ni a máa ń fi òwe yìí bá ará ilé wí. Ǹjẹ́ a ti fi bá ọkàn ara wa wí rí?

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ

Onímọ̀ ọpọlọ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daniel Freeman ni orúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ bo ojú àwọn ènìyàn, ẹ̀rọ náà sì mú kí ó dà bí ẹni pé wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà jẹ́ àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà. Wọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kò sì rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, tí ènìyàn 200 kópa nínú rẹ̀, àwọn kan ní àwọn èrò náà ṣe dáadáa, àwọn mìíràn sì ní wọ́n ń wo àwọn ní ìwòkuwò. Àwòrán kan náà ni gbogbo wọn rí o!

Ní 2014, wọ́n tún ṣe òmíràn pẹ̀lú obìnrin 60. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kan, bí ó ti ga gan-an ni ẹ̀rọ náà jẹ́ kí ó rí. Ní ìgbà kejì, ẹ̀rọ náà sọ ọ́ di kúkúrú, ó gé e kù ní nǹkan bí ìwọ̀n gígùn orí ènìyàn kan. Àwọn èrò ọkọ̀ kò yí padà rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin náà kúrú, wọ́n rò pé àwọn kò tó àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì fura sí àwọn èrò ọkọ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n ga lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo pariwo. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n sọ wọ́n di ẹlẹ́ǹgà, kíá ni wọ́n sì rí òmìrán!

Ìwádìí mìíràn tún jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2006, lórí ènìyàn 100 tí àìsàn ọpọlọ wọn padà. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá jù nínú wọn, tí wọn kò sì ka ara wọn sí, ni ìgbàgbọ́ pé wọ́n ń ṣe inúnibíni sí àwọn le jù lọ́kàn wọn. Okùn onífọ́nrán mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò ka ara rẹ̀ sí á fura. Ẹni tó ń fura á yẹra fún ènìyàn. Ẹni tó dá wà á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì á sì tún rí ìdí tuntun láti fojú tín-ín-rín ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni okùn náà ń lọ́ mọ́ra, tí ó sì ń fún ọrùn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Ní 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà wádìí ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn ènìyàn ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àmì rẹ̀: àìrí oorun sùn, oúnjẹ tí kò wọ ọ̀fun, ẹkún àìnídìí, ohun tó dùn tẹ́lẹ̀ tí kò dùn mọ́. Èmi náà ń gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì mi. Wọ́n á ní, "Orí mi ń gbóná," "Àyà mi ń já," "Nǹkan ń rìn lára mi." Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọfà ọ̀tá, tí n kò bi wọ́n léèrè pé, "Ṣé ẹ sùn lánàá?"

ÌFURA LOÒGÙN ÀGBÀ

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ṣé kí a má fura mọ́ ni?" Rárá o. Ìfura loògùn àgbà. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní òru ní Bàrígà? Ta ni yóò fi owó oṣù rẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn nínú mólúè tàbí dánfó? Olè wà, gbájúẹ̀ wà, ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní oúnjẹ. Ẹni tó bá ń fi oògùn ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, oògùn náà ni yóò pa á. Ìfura tó dára máa ń ní ìdí tí ẹlòmíràn lè rí, ó sì máa ń tán nígbà tí ewu bá kọjá. Èyí tó ti di àìsàn kì í tán. Mẹ́ta á di ogún.

ÌWỌ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ BÁ BÁ WÍ

1. Ya ohun tí ojú rẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rẹ fi kún un. O kí aládùúgbò rẹ ní ìdí ẹ̀rọ omi, kò dáhùn. Ohun tí ojú rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé ó kórìíra rẹ, pé ó ti gbọ́ pé o jẹ owó ilé, ọkàn rẹ ló fi ìyẹn kún un. Ṣé kò lè jẹ́ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́? Ṣé kò lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn?

2. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn ọ́ síbẹ̀, lọ bá ẹni náà, ìwọ àti òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti kọ́ wa nínú Mátíù 18:15. Ọ̀pọ̀ ọ̀tá ló ti kú ní ọjọ́ tí a bi wọ́n léèrè.

3. Sùn. Nígbà tí Èlíjà ń sá, tó ní kí òun kú, Ọlọ́run kò bá a wí lákọ̀ọ́kọ́. Ó jẹ́ kó sùn, ó bọ́ ọ, ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún bọ́ ọ, kí ó tó bá a sọ̀rọ̀ (1 Ọba 19). Ní 2017, Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 3,755 tí wọn kì í rí oorun sùn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní bí wọn yóò ti máa sùn dáadáa, ìfura wọn dín kù.

4. Má ṣe fi iṣẹ́ tàbí owó díwọ̀n ara rẹ. Àwòrán Ọlọ́run ni ọ́ kí o tó ríṣẹ́, àwòrán Ọlọ́run náà ni ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bọ́.

Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI ẸBÍ

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. A máa ń bi ọmọ wa pé, "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" A máa ń pe ọmọ ní olódo níwájú àlejò. A rò pé a ń ta á jí ni, ṣùgbọ́n a ń kọ́ ọ ní ojú tí yóò máa fi wo ara rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ ní ogún ìgbà pé òun kò wúlò, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rárá.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń fura sí gbogbo ènìyàn, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe bá a dárúkọ ọ̀tá. Ẹ sọ fún un pé, "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Èmi rèé lọ́dọ̀ rẹ." Ẹ jókòó tì í. Ní 1954, nígbà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, inú abúlé tó wà nítòsí ni ó fi àwọn aláìsàn sí, pẹ̀lú ará ilé wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sùn fún ọjọ́ púpọ̀, bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí ó bá kọ oúnjẹ nítorí ìbẹ̀rù, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ẹni tó fura sí, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Àìkú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tó wà ní Yábàá kò jìnnà sí wa, ó ti wà láti 1907. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹni tí itan rẹ̀ kán, ṣebí Ìgbóbì ni a ń gbé e lọ, tí a sì ń gbàdúrà fún un níbẹ̀?

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, kí a jáwọ́ nínú bíbi ènìyàn pé, "Ta ni o fura sí?" Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ tó dùn ọ́?" Ká ní mo ti bi arákùnrin yẹn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ omi tútù ni ì bá sọ fún mi.

ÒPIN ÌTÀN NÁÀ

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Yábàá. Wọ́n fún un lóògùn, ó sì ní ẹnì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A kò dáwọ́ àdúrà dúró, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni a ń gbà á, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Èmi fúnra mi lọ bẹ àwọn ẹni mẹ́ta tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Méjì dárí jì mí. Ẹ̀kẹta, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tíì wọ ilé wọn títí di òní. Mo ṣì ń lọ kí i.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, a kó àwọn ìwé orin ìjọ tó ti ya fún un. Ó dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lẹ ẹ̀yìn wọn, ó sì kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin bí a ti ń ṣe é. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, mo rí i pé ó gbé orí sókè.

Kì í ṣe pé ìfura náà ti tán pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ní àwọn alẹ́ mìíràn, yóò gbé ṣíbí dúró, yóò sì wo ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ara rẹ̀ sókè pé, "Ṣé ojú mi ló rí i, àbí ọkàn mi?" Ìyàwó á ní, "Ọkàn yín ni, bàbá àwọn ọmọ." Yóò sì jẹun.

Kí Olúwa kí ó la ojú wa láti rí ara wa bí òun ti rí wa. Àmín.